Èpè Ìyá Arúgbó inú Géèmù

Òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ṣùgbọ́n kò rọ̀ tó èyí tí ojú ọ̀run fi lè là. Ìkùukùu dúdú ṣì dì mọ́ òkè Ugbowo, àdúgbò wa ní Bìní, bí òwú tí omi ti wọ̀. Ilẹ̀ pupa ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó bá sì kọjá lójú ọ̀nà Èkó, ńṣe ló ń ta ẹrẹ̀ sára ògiri. Atẹ́gùn tutù, kò sì fẹ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo na ọwọ́ síta, omi wíníwíní bà mí lọ́wọ́. Mo ní bí òjò yìí bá tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá kò ní mú ọmọ wá sí họ́ọ̀lù, bí àwọn ọmọ kò bá sì wá, àwọn àgbà nìkan ni yóò dá ẹjọ́ wa, a ó sì jẹ̀bi.

Ẹjọ́ wo? Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ìrọ̀rí ni mò ń rán. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kó wa wá sí Bìní ni mo ti ń rán an, títí tí òun fi ṣaláìsí, títí tí àwọn ọmọ fi bímọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Ekosodin, lẹ́bàá yunifásítì, ni oníbàárà mi. Bí ọmọ tuntun bá wọlé sí yunifásítì, ibi tí yóò gbé orí lé ló kọ́kọ́ ń wá, kó tó wá ìwé. N kò kàwé púpọ̀. Mo lè ka Bíbélì àti ìwé orin, mo sì lè kọ ohun tí mo bá fẹ́ kọ, bó bá ti jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kán mi lójú.

Àwọn ọmọ ọmọ mi gbọ́ Yorùbá. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé omi wá, wọ́n á gbé e wá. Ṣùgbọ́n Pijin ni wọ́n ń fi dáhùn. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, lè jókòó tì mí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí n máa sọ ti ilé, kí òun máa sọ ti ìgboro, kí á sì gbọ́ra wa yé. Mi ò bínú sí i. Ibi tí wọ́n bí i sí ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń wù mí kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, obìnrin ni òun náà, ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé. Ní nǹkan bí ọdún 2013, àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì pẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Bìní tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ogbe, wá ń jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́. Géèmù kan ni wọ́n ń túmọ̀ sí Yorùbá. Ọmọ ọmọ mi ló ń túmọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń tò ó sínú ẹ̀rọ. Yorùbá tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Ọkùnrin kan ló ṣe géèmù náà ní ìlú òkèèrè, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ó ní kí ẹni tó bá wù máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tirẹ̀, kò gba nǹkan kan, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀: kí wọ́n má yọ nínú rẹ̀, kí wọ́n má sì fi kún un. Ọmọ ọmọ mi ti ṣèlérí fún un pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun yóò ṣe.

Ìtàn inú rẹ̀ kò le. Ẹyẹ ńlá kan gbé àbúrò ọmọkùnrin kan kọjá odò, ọmọ náà sì ń wá àbúrò rẹ̀ lọ. Níbi tó ti ń sáré, ó fọ́ ìkòkò omi ìyá arúgbó kan. Kò dúró, kò bẹ̀bẹ̀. Ni ìyá náà bá ṣépè fún un. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ ọmọ náà kò gbé nǹkan mọ́, kò lè di àjẹ̀ mú, kò sì lè tukọ̀ kọjá odò. Àfi kí ó padà lọ bá ọ̀mùtí kan lábẹ́ igi, kí ìyẹn bá a gbé omi, kí wọ́n jọ gbé e tọ ìyá arúgbó náà lọ, kí ọmọ bẹ ìyá, kí ìyá fi omi náà wẹ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi tán, mo bi wọ́n pé ta ló sọ fún òyìnbó yẹn pé ẹnu tó ṣépè náà ló ń tú u.

Ọmọ ọmọ mi ní, "Màmá, bóyá òun náà ní ìyá àgbà."

Wọ́n wá ẹni tí yóò fi ohùn sọ̀rọ̀ ìyá arúgbó náà, wọn kò rí, ni wọ́n bá bẹ̀ mí. Yàrá tí mo ń kó fóòmù sí ni a ti ṣe é. Fóòmù kún ibẹ̀ dé àjà. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ò ní gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ ò ní gbọ́ kẹ̀kẹ́, àfi mímí ara yín. Mo jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí mi lẹ́nu, mo sì ṣépè.

Ọmọ ọmọ mi dá mi dúró. "Màmá, ẹ ti fi kún un."

"Kí ni mo fi kún?"

"Ẹ ní aláìnítìjú, ẹ ní ọmọ àìmoore, ẹ tún bú bàbá rẹ̀. Ìyá inú géèmù ò mọ bàbá rẹ̀."

"Obìnrin tí wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀, tí kò bú bàbá ọmọ? Ṣé inú bí i ṣá?"

"Inú bí i. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ló sọ."

"Òtútù ti mú un lẹ́nu nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ṣubú sórí fóòmù. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi kò gbà fún mi. Ó ní bí òun bá gbà kí n fi kún un nítorí pé ó dùn lẹ́tí mi, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò nítorí pé kò dùn lẹ́tí tirẹ̀ ńkọ́, kí ni òun yóò sọ fún un? Mo rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo wá sọ èyí tó kọ sílẹ̀ fún mi, èyí tí a jọ tún ṣe títí tó fi dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà: "Ọwọ́ tó fọ́ ìkòkò mi, kí ó má gbé nǹkan mọ́, títí omi tó dànù yóò fi padà sílé mi."

Nígbà tí a dé ibi ẹ̀bẹ̀, inú mi kò dùn. Ọmọ náà wà lóòró ganganran níwájú àgbà, ó sì ń sọ pé "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ dárí jì mí." Mo ní wọn ò lè jẹ́ kó kúnlẹ̀ ni? Ọ̀rẹ́ ọmọ ọmọ mi fi Pijin ṣàlàyé fún mi pé àwòrán kì í ṣe tiwọn, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n lè pa dà. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rán ìrọ̀rí, mo máa ń rí ọmọ yẹn lójú mi tó dúró gbagidi.

Ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Bìní ní họ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ sì máa ń kó àwọn ọmọ jọ síbẹ̀ ní ìsinmi láti kọ́ wọn ní Yorùbá. Kíláàsì yẹn ni ọmọ ọmọ mi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún. Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń darí kíláàsì náà. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń kọ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, kì í ṣe obìnrin burúkú rárá. Nígbà tó wo géèmù náà tán, ó pè wá sí ìpàdé.

"Ìyá Onírọ̀rí," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, "ẹ̀yin náà nìyẹn nínú ẹ̀rọ, tí ẹ ń ṣépè fọ́mọ ọlọ́mọ?"

"Èmi ni, Ìyá Ẹgbẹ́. Ìkòkò mi ló fọ́."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó ní èpè kì í ṣe eré. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ kan ṣépè fún ẹnìkejì rẹ̀ ní kíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì nítorí bírò, òun sì fa ọmọ náà létí. Ṣé ẹ̀rọ ni yóò wá máa kọ́ wọn báyìí? Ó ní kí wọ́n yọ èpè náà, kí ìyá arúgbó kàn sọ pé "Ọmọ dáadáa, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o." Alága wa, bàbá jẹ́jẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì rí, fi tirẹ̀ kún un. Ó ní kí ọ̀mùtí yẹn máa mu mínírà.

Ọmọ ọmọ mi kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Ta ló ń mu mínírà títí tó fi ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n?"

"Mínírà ti òde òní," ni Alága wí, "ta ló mọ ohun tí wọ́n ń fi sí i?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìpàdé kò fàyè gbà wá. Wọ́n ní bí a kò bá yọ ọ́, kò ní wọ kíláàsì. Nígbà tí a délé, ọmọ ọmọ mi kò jẹun. Ó ní òun yóò kó o kúrò ńlẹ̀, nítorí bí wọ́n bá yọ ọ́, kì í ṣe géèmù ọkùnrin yẹn mọ́, òun á sì ti pa irọ́ fún un. Gbogbo oṣù tí wọ́n fi ṣe é, òfò. Èmi náà mọ ohun tó máa bá a lọ lọ́wọ́ mi: àwọn ọmọ yẹn kò tún ní rí nǹkan tí wọ́n máa fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, tó sì máa bá wọn sọ èdè wa.

Mo jẹ́ kó sunkún tán. Mo wá sọ fún un pé bí oníbàárà bá ń bá mi jiyàn lórí ìrọ̀rí, pé èyí le, pé èyí rọ̀ jù, n kì í bá a fa ọ̀rọ̀. Mo máa ń tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, mo máa ń ní kó dùbúlẹ̀, kó gbé orí lé wọn. Orí rẹ̀ ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

"Màmá, mo ti ṣèlérí pé n kò ní yọ nǹkan kan."

"Èyí tí o máa yọ yẹn, wíwò la fẹ́ wò ó. Bí a bá wò ó tán, o ó sọ ọ́ nù. Jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé orí lé méjèèjì."

Mo lọ sọ ọ́ fún Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra mi. Ó gbà. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹnu àwọn ọmọ bá sọ ni òun náà yóò tẹ̀ lé. A mú ọjọ́ Sátidé, mo sì tún wọ yàrá fóòmù lọ sọ ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ẹgbẹ́ fẹ́ kí a fi rọ́pò èpè. Láàárín ìgbà yẹn, n kò gbádùn lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ẹ̀gbẹ́ mi, bó bá ti fẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ìyá elépè, mi ò fọwọ́ kan ìkòkò yín o. Búrẹ́dì ni mo fi ń jẹun."

Ohun tó fà á nìyẹn tí mo fi ń wo ojú ọ̀run láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òjò kò padà wá. Nígbà tó di pé a dé họ́ọ̀lù, àwọn ìyá ti ń fa ọmọ lọ́wọ́ bọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn pupa dé kókósẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé tábìlì, àwọn àgbà jókòó sẹ́yìn.

Èyí tí wọ́n yọ èpè kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ inú géèmù sáré, ó fọ́ ìkòkò. Ohùn mi jáde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ ní bisikíìtì: "Ọmọ dáadáa, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o." Àwọn ọmọ kò tilẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n ti sáré kọjá. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, àjẹ̀ kò ṣeé gbé. Wọ́n tẹ bọ́tìnì títí.

"E don spoil," ni ọ̀kan wí.

"Anti, keyboard no dey work."

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbá tábìlì. Ọ̀mùtí lábẹ́ igi ní mínírà ni òun ń mu, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ẹnikẹ́ni kò wo ibi tó wà. Kò pẹ́, àwọn kan ti dìde lọ wo jẹnẹrétọ̀ níta. Alága yí ojú sí ọ̀rẹ́ ọmọ ọmọ mi, ó béèrè bóyá iná ni kò tó.

"Iná tó, sà," ni ọmọ ọmọ mi bá a dáhùn. "Ó kàn jẹ́ pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ṣe ni."

Wọ́n wá gbé odindi rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kékeré, eléyín tuntun, ni wọ́n fi jókòó sídìí rẹ̀, àwọn yòókù sì dúró yí i ká. Ọmọ inú géèmù sáré, ìkòkò fọ́. Ohùn mi jáde. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ohùn mi ṣe wúwo tó. "Ọwọ́ tó fọ́ ìkòkò mi..." Ọmọ kan yí ojú wò mí, ó sún mọ́ ìyá rẹ̀.

Wọ́n dé etí odò. Àjẹ̀ kò ṣeé gbé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó ní ó ti bàjẹ́. Ọmọkùnrin kan sọ wẹ́rẹ́ pé, "Na that mama pot." Wọ́n yí padà. Wọ́n rí ọ̀mùtí, ọ̀mùtí bá wọn gbé omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ọmọ ń rọ̀ ọ́ pé kó má dà á nù. Wọ́n dé iwájú ìyá arúgbó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló kù tí ọmọ ọmọ mi máa tẹ̀.

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó wo àwòrán náà, ó ní, "E suppose kneel down."

"Ehn, e suppose kneel," ni àwọn yòókù wí.

Wọ́n wá ń wá bọ́tìnì ìkúnlẹ̀. Wọ́n tẹ ọ̀kan, ọmọ náà fò sókè níwájú ìyá arúgbó, wọ́n sì bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wí, pé kí ló dé tó ń fò níwájú Màmá. Wọ́n tẹ òmíràn, ó sọ òkò. Wọ́n pariwo lé e lórí. Ọmọ ọmọ mi kékeré ní kí gbogbo wọn dákẹ́, ó wá tẹ ọ̀kan báyìí, ọmọ náà kó ara jọ, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀, ó tẹ orí ba. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń sá pa mọ́ fún ẹyẹ nínú koríko ni. Ọmọ ọmọ mi kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì na sókè lórí tábìlì, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ní Yorùbá:

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá. Ẹ má bínú."

Àwọn tó yí i ká gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, Mà. Ẹ dárí jì wá. Ọ̀kan ní a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí kò sí nínú ìwé kankan nìyẹn, àwọn ni wọ́n wá a rí. Èmi tí mo ti ń fẹ́ kí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ kún un, mo wá rí i pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ku ọmọ tó máa tẹ̀ ẹ́.

Ìyá arúgbó nínú ẹ̀rọ bu omi, ó wẹ ọwọ́ ọmọ náà. "Ó tán, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ ti padà." Àwọn ọmọ hó yèè. Wọ́n sáré lọ gbé àjẹ̀, wọ́n ń tukọ̀ lọ.

Ìyá Ẹgbẹ́ ti dìde kúrò níjòkòó, ó ti wà lẹ́yìn wọn, a kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ta ló kọ́ wọn ní ìkúnlẹ̀ yẹn?"

"A ò kọ́ wọn, Mà," ni ọmọ ọmọ mi àgbà wí.

"Láti ìgbà tí kíláàsì yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kúnlẹ̀ kí àgbà. Gúùmọ́nìn mà ni wọ́n ń sọ fún mi, wọ́n á sì dúró bí òpó iná." Ó nu awò náà, ó gbé e padà sójú. Ó kọjú sí Alága àti gbogbo wa. "Ẹ fi èpè náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí a bá yọ èpè, a ti yọ ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo sì ń wá."

"Ọ̀mùtí ńkọ́?" ni Alága béèrè.

"Ẹ fún un ní ọtí rẹ̀, kó lè bá wọn gbé omi."

Ọmọ ọmọ mi àgbà dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n sọ, kí ni wọ́n sọ, ìyẹn kò lè dáhùn fún ẹ̀rín. Àwọn ìyá ti yí wọn ká, wọ́n ń béèrè bí géèmù náà ṣe máa dé ilé wọn. Mo so ìró mi le, mo jó díẹ̀, ijó àgbà, èyí tí ẹsẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Oníbúrẹ́dì tó bá mi wá ní òun ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, ó kàn jẹ́ pé òun ò fẹ́ sọ ọ́ kí n má baà gbéra ga.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, n kò sùn bí mo ti máa ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Èmi, ọmọ ọmọ mi àgbà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́, a lọ sí ilé Ìyá Ẹgbẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ tirẹ̀ ti ń dúró dè wá lẹ́nu géètì. Wọ́n fi géèmù náà sínú kọ̀ǹpútà ilé wọn. Mo dúró níbẹ̀ títí ohùn mi fi ṣépè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò ku ọ̀rọ̀ kan, mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo sì ní ká máa lọ sí ilé tó kàn.